Kọ̀ǹpútà ilé kan ní Ìgbógbó: dísìkì tó ń kú, tí wọ́n pè ní ìdọ̀tí

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, ti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgbógbó, lẹ́bàá Ìkòròdú. Gbogbo ilé ló ń lò ó. Màmá fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, àwòrán ẹbí fún ọdún mẹ́sàn-án sì wà nínú rẹ̀, látorí ìkómọjáde títí dórí ìsìnkú ìyá àgbà. Core i3 ìran kẹrin ni, RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí fún ìgbà díẹ̀, jẹ́ 4 GB, háàdì dísìkì rẹ̀ jẹ́ 500 GB tó ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé ni pé ó ti "kún". Tí wọ́n bá tan án, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni kí ó tó ṣeé lò. Fáìlì Word kan wà tí kò ṣí mọ́ rárá. Nígbàkígbà tí iná bá lọ, aago rẹ̀ á padà sí ọdún 2014, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá sì ṣí á máa kìlọ̀ pé ibẹ̀ léwu.

Láàárín oṣù mẹ́jọ, ètò ìtọ́jú márùn-ún ni wọ́n ti kó sórí rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè dá: antivirus méjì, ọ̀kan tó ń "fọ" registry (ìwé tí Windows ń kọ ìṣètò rẹ̀ àti ti àwọn ètò mìíràn sí), ọ̀kan tó ń wá driver tuntun (ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ), àti ọ̀kan tó ní òun ń tú RAM sílẹ̀. Láràárọ̀ ni èyí tó ń fọ registry máa ń fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ síta pé àṣìṣe 1,843 ló wà nínú ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sanwó kí òun bá wọn tún un ṣe. Ọmọ àdúgbò kan tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ti ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ́máàtì ẹ̀, wàhálà tán." Màmá kò gbà, nítorí pé àwòrán yẹn kò sí níbòmíràn. Kíkọ̀ tó kọ̀ ló kó àwọn àwòrán náà yọ.

Wíwò

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó wá wo ẹ̀rọ náà kò yọ ohunkóhun kúrò, wọn kò sì tún ohunkóhun ṣe. Wọ́n tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, wọ́n lọ sí Performance, wọ́n tẹ Disk. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ nìyí: Active time 100%, Read speed 0.7 MB/s, Average response time ju 4,000 ms lọ. CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kò ju 9% lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí 100% yẹn á ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ná. Dísìkì tí ara rẹ̀ le, tó ń da fáìlì ńlá kọ, náà lè wà ní 100%, ṣùgbọ́n ẹrù tó ń gbé á máa tó 80 sí 120 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Èyí wà ní 100%, kò sì gbé tó MB kan. Ojú kan ló dúró sí, tó ń ka ibì kan ní àkàtúnkà, tí ibẹ̀ kò sì yé e. Ìdáhùn tó yẹ kó ti dé láàárín nǹkan bíi 15 ms ń gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ètò tó ń kó pàǹtírí kò lè wo irú àìsàn yìí sàn. Ńṣe ló máa gbé iṣẹ́ mìíràn lé dísìkì tí ó ti rẹ̀.

CrystalDiskInfo ni wọ́n fi wo inú dísìkì náà. Ọ̀fẹ́ ni. Èyí tó máa ń wà nínú zip ló dára jù fún irú ọ̀ràn báyìí, nítorí pé orí fláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sí pé à ń fi ètò tuntun sórí dísìkì tó ń ṣàìsàn. Dísìkì fúnra rẹ̀ ló ń pa àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀ mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní SMART. CrystalDiskInfo kàn ń kà á síta fún wa ni. Ó gbé Caution jáde pẹ̀lú àwọ̀ yẹ́lò. Ìlà mẹ́rin ló gba àfiyèsí, wọ́n sì hàn báyìí:

05 Reallocated Sectors Count: 000000000008
C5 Current Pending Sector Count: 000000000010
C6 Uncorrectable Sector Count: 000000000010
C7 UltraDMA CRC Error Count: 0000000004B0

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi nọ́ńbà kà. Bí ètò náà ṣe máa ń wà kí a tó yí i padà, hexadecimal ló fi ń kọ iye, ìyẹn ìṣirò tó ń lọ ní mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún. "10" tó wà níwájú C5 yẹn, 16 ni. "4B0" níwájú C7, 1,200 ni. Kí ojú má baà tan yín, ẹ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, kí ẹ mú 10 [DEC]. Gbogbo rẹ̀ á di nọ́ńbà tí a ń kà lójoojúmọ́.

05 ń ka iye ojú ibi (sector) tí dísìkì ti gbà pé ó bàjẹ́, tó sì ti fi èyí tó wà ní ìpamọ́ rọ́pò. C5 ń ka àwọn ibi tó gbìyànjú láti kà tí kò rí kà, tí kò tíì dájọ́ lé lórí. Ó ń dúró dìgbà tí a bá kọ nǹkan tuntun síbẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá ibẹ̀ ṣì wúlò. C6 ń ka àwọn tí dísìkì kò rí tún ṣe. Iye C5 sábà máa ń lọ ní mẹ́jọ-mẹ́jọ lórí dísìkì òde òní, nítorí pé ojú ibi kan gan-an jẹ́ báìtì 4,096, ó sì máa ń pè é ní 512 lọ́nà mẹ́jọ. 16 yẹn, ojú ibi méjì gan-an ni. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá bọ́ sí àárín fáìlì tí Windows ń kà nígbà tó bá ń jí, ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn kò yani lẹ́nu mọ́.

C7 yàtọ̀ pátápátá. Kò sọ nǹkan kan nípa ojú dísìkì. Ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, láàárín dísìkì àti motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́), ló ń kà. Wáyà SATA ni a ó kọ́kọ́ fura sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ní àìsàn méjì pọ̀, ọ̀kan sì ń bo èkejì mọ́lẹ̀.

Kíkó ẹrù jáde

Tí C5 bá ti kúrò ní òdo, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù títí yóò fi parí: kí a kó ohun tí a kò lè rà lọ́jà jáde. Kò gbọdọ̀ sí chkdsk (àṣẹ Windows tó ń yẹ dísìkì wò), kò gbọdọ̀ sí defrag (títo fáìlì jọ lórí dísìkì), kò gbọdọ̀ sí antivirus tó ń yẹ gbogbo dísìkì wò. chkdsk C: /r máa ń ka ojú dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lórí dísìkì tó ti ń kú, ìrìn àjò yẹn nìkan lè pa á pátápátá, tí ẹ̀dà kankan kò sì tíì sí níbòmíràn.

Wọ́n kọ́kọ́ da ìwé màmá kọ sórí fláàṣì, 2.1 GB péré, ó parí kó tó di ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó pa ẹ̀rọ náà láti pààrọ̀ wáyà. Ó nídìí tí wọ́n fi tẹ̀lé e báyẹn. Dísìkì tó ń ṣàìsàn lè kọ̀ láti jí lẹ́yìn tí a bá pa á, nítorí náà ohun tó kéré tó sì ṣe iyebíye ni a máa gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe wáyà tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà ni a ó fi gbé 61 GB àwòrán.

Wọ́n yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, wọ́n tẹ bọ́tìnì títan mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, wọ́n fọwọ́ kan irin ara àpótí kí wọ́n tó fọwọ́ kan motherboard. Erùpẹ̀ pupa ti ṣù pọ̀ lórí fáànù, irú eruku tó ń wọlé tí ọkọ̀ bá ti kọjá lójú títì tí kò ní ọ̀dà. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó rọ̀ tó sì gbẹ ni wọ́n fi gbọ̀n ọ́n, wọ́n sì fi ìka kan di fáànù mú kó má baà yí. Orí wáyà SATA náà kò ní irin kékeré tó ń dè é mọ́. Tí a bá fọwọ́ kàn án, ó ń mì. Wọ́n fi èyí tó ní irin ìdè rọ́pò rẹ̀. Bátìrì CR2032 tó wà lórí motherboard yẹ kó fún wa ní 3 V, 2.1 V ló kù nínú rẹ̀. Òun ló fà á tí aago fi ń padà sí 2014, aago ló sì ń fa ìkìlọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ìwé ẹ̀rí tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní lónìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2014. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú yìí ni wọ́n ti ra antivirus kejì nítorí rẹ̀, wọ́n rò pé kòkòrò ló ń ṣe é.

Àwòrán ló kàn. Fífi mọ́òsì fà á sí orí dísìkì ìta kò dára, nítorí pé tó bá kan fáìlì tó bàjẹ́, ó lè dúró síbẹ̀ kó máa béèrè ọ̀rọ̀. robocopy ni wọ́n lò. Ó ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣí Command Prompt, wọ́n kọ:

robocopy "C:\Users\Ile\Pictures" "E:\Aworan" /E /R:1 /W:1 /LOG:E:\akosile.txt

/E ní kó kó gbogbo fólídà tó wà nínú fólídà. /R:1 àti /W:1 ni ẹ̀mí àṣẹ náà. Tí a kò bá kọ wọ́n, robocopy á tún fáìlì tó kọ̀ gbìyànjú ní ìgbà mílíọ̀nù kan, á sì máa sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láàárín ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ló ti fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ mọ́jú, tí wọ́n bá a láàárọ̀ ní ibi tí wọ́n fi í sí, tí dísìkì sì ti fi gbogbo òru lu orí mọ́ ojú ibi kan. Pẹ̀lú 1 àti 1, á gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, á kọ orúkọ fáìlì náà sínú akosile.txt, á sì tẹ̀ síwájú.

Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí. UPS 650 VA tí wọ́n so mọ́ ọn gbà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tó láti tan jẹnẹrétọ̀. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ yọ fíríìjì kúrò lára rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Nígbàkígbà tí fíríìjì bá ń gbéra, iná á wálẹ̀, á tún gòkè, dísìkì tó ń kọ̀wé kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí iná bá tilẹ̀ já iṣẹ́ náà gbà, àṣẹ yẹn kan náà ni a tún máa tẹ̀. Ohun tó ti kó délé, kò ní tún un kó.

Wákàtí márùn-ún àti ogún ìṣẹ́jú ló gbà. Nínú gbogbo rẹ̀, fáìlì mẹ́ta ló kọ̀: àwòrán méjì, àti ìwé Word tí kò ṣí tẹ́lẹ̀. Ìwé Word náà, orí WhatsApp ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti rí i, nítorí pé màmá ti fi ránṣẹ́ sí i ní sáà tó kọjá. Àwòrán méjì yẹn ti lọ. Nígbà tí wọ́n tún wo CrystalDiskInfo, C7 ṣì wà ní 1,200, kò lé ẹyọ kan. Iye yẹn kì í wálẹ̀ láé, nítorí náà ohun tí à ń wò ni pé kó má gòkè mọ́. Wáyà ti sàn. C5 ti kúrò ní 16, ó ti di 24. Dísìkì ń bàjẹ́ sí i lójú wọn.

Wọ́n tún fi ìwé màmá sórí Google Drive, tó ń fún ènìyàn ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán kò lè gba ibẹ̀. Dísìkì ìta kejì ni wọ́n kó o sí, èyí tí àbúrò màmá ń tọ́jú ní Ẹ̀bùté.

Àwọn ètò márùn-ún yẹn

Èyí tó ń tú RAM sílẹ̀ ló burú jù fún ẹ̀rọ yìí. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ó ń lé ohun tó wà nínú RAM jáde lọ sínú pagefile, fáìlì tí Windows fi ń ran RAM lọ́wọ́, orí dísìkì sì ni pagefile wà. Kọ̀ǹpútà á fi RAM tó ṣófo hàn, ẹni tó ni í á dunnú, ṣùgbọ́n nígbà tó bá tún nílò nǹkan wọ̀nyẹn, ojú dísìkì tó ń ṣàìsàn ni yóò ti lọ wá wọn. Antivirus méjì tún ń fi kún un: fáìlì tí ọ̀kan bá ṣí láti yẹ̀ wò, èkejì náà á ṣí i. Defender tó wà nínú Windows tó fún ilé, ó sì máa ń dákẹ́ fúnra rẹ̀ tí antivirus mìíràn bá dé.

Ní ti ìfọ̀mọ́ registry, Microsoft fúnra wọn kò fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ fún Windows. Àwọn ìlà tó ń pè ní àṣìṣe yẹn, àjẹkù ètò tí a ti yọ ló pọ̀ jù nínú wọn, wọn kò wúwo, wọn kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Tó bá ṣèèṣì yọ èyí tí ètò kan ṣì ń lò, ètò náà á dákú. Ibi tí a ti ń gba ètò náà tún ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2017, àwọn kan wọlé sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe CCleaner, ọ̀kan lára irú ètò ìfọ̀mọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi kòkòrò sínú ẹ̀dà 5.33 tí àwọn tó ni í fọwọ́ ara wọn gbé síta ní Oṣù Kẹjọ ọdún náà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ wọn lórí rẹ̀. Bí ti orísun gan-an bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa èyí tí a gbà látọwọ́ ẹni tí a kò mọ̀? Bí ètò bá ṣe kéré tó lórí ẹ̀rọ ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ṣe kéré tó.

WizTree ni ètò kan tó yẹ kí ilé yìí ti ní tipẹ́. Kò fọ nǹkan kan, ó kàn ń fi hàn wá ohun tó gbàyè. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó fi hàn pé fídíò WhatsApp tí wọ́n kó láti orí fóònù mẹ́ta, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, ti jẹ 38 GB. Tí ẹ bá fẹ́ lo Temporary files nínú Settings láti gba àyè, ẹ wo àpótí Downloads dáadáa kí ẹ tó tẹ Remove. Ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́rin ló wà nínú Downloads màmá. Bí wọ́n bá fi àmì síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á lọ láìgba inú Recycle Bin kọjá.

Dísìkì tuntun

SSD 240 GB, dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni wọ́n rà, pẹ̀lú RAM DDR3 4 GB mìíràn tó sọ ọ́ di 8 GB. Wọn kò da dísìkì àtijọ́ kọ sórí tuntun bó ṣe wà, nítorí pé fáìlì Windows tó ti bàjẹ́ á bá a wọlé. Wọ́n fi Windows 10 síbẹ̀ lákọ̀tun, láti orí fláàṣì 8 GB tí wọ́n fi Media Creation Tool ṣe. Ẹ fi dátà tó GB mẹ́fà sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì fi sí òru. Wọn kò béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ. Ara motherboard ni ìwé àṣẹ náà so mọ́. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé, ó dá a mọ̀.

Core i3 ìran kẹrin kò sí lára àwọn tí Windows 11 gbà; ìran kẹjọ ni ti Intel ti bẹ̀rẹ̀. Microsoft sì ti dá ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹ́wàá 2025. Wọ́n forúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún ESU nínú Windows Update, èyí tó ń jẹ́ kí àtúnṣe ààbò máa wọlé títí di 13 Oṣù Kẹ́wàá 2026. Lẹ́yìn ìyẹn, màmá ní láti mú ọ̀kan nínú Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, àti ẹ̀rọ mìíràn, wọ́n sì ti sọ fún un báyìí kó lè máa tu owó jọ.

Láti ìgbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì títí dìgbà tí Word yóò ṣí, ìṣẹ́jú àáyá 34 ni. Nínú Optimize Drives, wọ́n wò ó pé ó pe dísìkì náà ní Solid state drive, nítorí pé trim ni SSD ń fẹ́, ìyẹn kí Windows máa sọ fún un ibi tí fáìlì kò sí mọ́. Defrag kò wúlò fún un, ó kàn ń jẹ iye ìgbà tó lè kọ̀wé ni. Kò sí ètò defrag mìíràn lórí ẹ̀rọ náà mọ́.

Dísìkì àtijọ́ ló kù. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí a dáhùn kí a tó sọ ọ́ nù. Iná tó bá lọ lójijì nígbà tí dísìkì ń kọ̀wé lè fi ojú ibi kan sílẹ̀ ní ìdajì, ibẹ̀ á sì bọ́ sínú C5 láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe é. Tí a bá kọ nǹkan tuntun síbẹ̀, ara rẹ̀ á dá. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n yọ àmì kúrò nínú Quick Format, wọ́n sì fọ́máàtì í ní kíkún, nítorí pé irú fọ́máàtì yìí ń kọ òdo sí gbogbo ojú dísìkì. Ó gba wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Bí C5 bá di òdo tí 05 kò kúrò ní 8, iná ló ṣe é, dísìkì ṣì ṣeé lò.

C5 di òdo. 05 di 32. Gbogbo 24 tó ń dúró de ìdájọ́ ló bàjẹ́ lóòótọ́, dísìkì sì ti fi òmíràn rọ́pò gbogbo wọn. Wọ́n fi bébà lẹ̀ ẹ́, wọ́n kọ "fíìmù nìkan" sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà 32 àti ọjọ́ tí wọ́n kà á, kí ẹni tó bá tún so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lè mọ̀ bóyá ó ti lé sí i.